Okùn Abẹ́ Ẹní Màmá Fẹ́yìsetán

Ìjọba ló ti ẹnu ibodè, ṣùgbọ́n ìyá arúgbó ni wòlíì ní ó tì í. Ẹ gbọ́ nǹkan! Àwọn sójà dúró sójú títì tìbọntìbọn, wọ́n fa igi dí ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, rédíò ń sọ ẹni tó pàṣẹ láàárọ̀, ó tún ń sọ ọ́ lálẹ́. Síbẹ̀, nígbà tí Túnbọ̀sún máa wá ẹni tó ba ọjà rẹ̀ jẹ́, kò wo ọ̀nà Àbújá, kò wo ọ̀nà ibodè. Màmá Fẹ́yìsetán, ìyá tó bí i lọ́mọ, ló yíjú sí, ìyá náà sì ń sùn nínú yàrá kejì sí tirẹ̀.

Táyà tòkunbọ̀ ni Túnbọ̀sún ń tà nítòsí gáréèjì Ìlaròó. Kútọnú ni táyà náà ti ń wá. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 tí wọ́n ti bodè, ẹyọ kan ò wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́, oṣù kọkànlá sì rèé. Owó oṣù Fọlákẹ́ ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ tíṣà pírámárì tú ní ilé-ìwé aládàáni kan, ni wọ́n fi ń ra gàárì. Ìrẹsì ti di ohun tí wọ́n ń fi ojú kí lọ́jà. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, a mọ̀, mi ò sì ní kí ẹ bú ọkùnrin tí ọjà rẹ̀ dá. Ẹni tó lọ ń ta ìbẹ̀rù fún ẹni tí ebi ń pa ni inú ń bí mi sí.

Àṣìkẹ́ onídìrí, tí wọ́n jọ ń gbé nínú ọgbà kan náà, ló mú Túnbọ̀sún lọ sí ìjọ Òkè Ìtúdè Wàràwàrà lójú ọ̀nà Ìpókíá. Fọlákẹ́ kò bá wọn lọ, ìjọ Áńgílíkà tí wọ́n ti ṣègbéyàwó ló ṣì ń lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ọ̀ kan báyìí, Wòlíì Micah na ìka sí Túnbọ̀sún láàárín èrò.

“Okùn kan wà nínú ilé rẹ,” ni wòlíì wí. “Kókó méje ni wọ́n ta sí i. Kókó méje náà ni wọ́n fi de ọjà rẹ. Ìyá tó ta á, abẹ́ òrùlé rẹ ló ń sùn. Kí oòrùn ọ̀la tó wọ̀, kó kúrò níbẹ̀, kí o sì gbé okùn náà wá síbí ká dáná sun ún. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Olúwa ní kí n sọ fún ọ, ọ̀nà rẹ kò ní í là mọ́ láéláé.”

Bí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé ṣe mọ́ báyìí, Fọlákẹ́ wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń din àkàrà. Jemima ọmọ wọn ti lọ síbi ìgbáradì orin àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń da àkàrà kejì sínú epo ni igbe ọkọ rẹ̀ ta láti inú ilé.

“Mo ti rí i o! Jésù! Ẹ gbà mí, mo ti rí i!”

Ó sáré jáde pẹ̀lú okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan, irú èyí tí wọ́n fi ń di ẹnu àpò gàárì. Ìka méjì ló fi gbé e bí ẹni gbé òkú eku. Màmá ti lọ sí balùwẹ̀, òun sì ti lọ tú ẹní ìyá rẹ̀. Kókó tò lára okùn náà kítikìti. Kò kà á o. Ẹni tó ti gbà á gbọ́ tán, kí ló tún fẹ́ kà?

Màmá Fẹ́yìsetán ti balùwẹ̀ dé, omi ṣì ń kán ní ojú rẹ̀. “Túnbọ̀sún, kí lo ń fi nǹkan mi ṣe?”

“Ẹ gbọ́! Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbọ́ o! Ó ní nǹkan òun ni!”

“Nǹkan mi ni. Mú un wá.”

“Kí n mú un wá kí ẹ ta kókó mìíràn sí i? Màmá, kí ni mo fi ṣe yín? Èmi tí mo fi mọ́tò wá gbé yín kúrò ní Tube lẹ́bàá ibodè lọ́sẹ̀ tí wọ́n tì í, tí mo ní ìyá mi ò gbọ́dọ̀ dá wà níbi tí ìbọn pọ̀ sí! Ṣé ohun tí ẹ máa fi san án fún mi nìyí?”

Màmá wo okùn, ó wo ọmọ. Ó fa àpótí ìjókòó sábẹ́ ara rẹ̀, ó jókòó, kò sì sọ nǹkan kan mọ́.

Ká má purọ́, inú Fọlákẹ́ dùn. Kò dùn púpọ̀, ṣùgbọ́n ó dùn. Ilé kan, obìnrin méjì, ìkòkò ọbẹ̀ kan ṣoṣo, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí. Láti ìgbà tí Màmá ti dé, kò sí ọbẹ̀ tí Fọlákẹ́ sè tí Màmá ò ní bu omi ata sí. Bó bá gbá ilẹ̀, Màmá á tún un gbá. Bó bá ní kí Jemima lọ kàwé, Màmá á ní kí ọmọ wá jókòó, ṣé ìwé náà ní ẹsẹ̀ tó fẹ́ sá lọ ni? Oṣù mẹ́ta gbáko tí Fọlákẹ́ fi ń sọ lọ́kàn rẹ̀ pé, ìyá yìí ì bá jẹ́ padà sílé rẹ̀. Wòlíì ti wá bá a sọ ọ́ síta.

Ó bu ẹ̀kọ méjì pẹ̀lú àkàrà sínú abọ́, ó gbé e fún ìyá ọkọ rẹ̀. “Màmá, ẹ jẹun.”

“Mi ò tíì fẹ́ jẹun, ìyàwó mi.”

“Ẹ rí i bí?” ni Túnbọ̀sún ké. “Ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀, oúnjẹ kì í gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kọjá!”

Igbe yẹn ló kó àwọn ará ọgbà jáde. Àṣìkẹ́ dé pẹ̀lú kóòmù lọ́wọ́, irun tó ń dì lọ́wọ́ ò tíì parí, oníbàárà rẹ̀ náà sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú orí apá kan. Nígbà tí Àṣìkẹ́ rí okùn, ó fi ọwọ́ lu àyà. “Ha! Ọlọ́run Wòlíì Micah! Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?”

“Ta lo ń pè ní àjẹ́?” Àlàájà Mẹ̀dínátù ìyá onílé ló dáhùn láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀, abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́. “Túnbọ̀sún, mi ò mọ nǹkan kan nípa ṣọ́ọ̀ṣì yín o. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí ìyá yìí bá lọ lónìí, ṣé táyà á wọlé lọ́la?”

“Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.”

“Ó dáa. Ẹ̀mí á bá wa sọ ọ́.” Àlàájà kò wọlé. Ó fa ṣía rẹ̀ jáde, ó jókòó síbi tó ti máa rí gbogbo wọn.

Túnbọ̀sún pe Ọdẹkúnlé onímọ́tò lórí fóònù pé kó wá gbé èrò kan lọ sí Tube. Ọdẹkúnlé ní òun á wá, ṣùgbọ́n òun wà lórí ìlà epo. Láti ìgbà tí ìjọba ti ní kí wọ́n má gbé epo lọ sí ilé epo tó sún mọ́ ibodè mọ́, ẹni tó bá fẹ́ rìnrìn-àjò á kọ́kọ́ jí dúró bí ẹni tó fẹ́ gba ìwé ìdìbò. “Bó bá di ọ̀sán, màá débẹ̀,” ló wí. Ìjọba tó ti bodè ló kúkú bá Màmá Fẹ́yìsetán ra àkókò yẹn láìmọ̀.

Ìwọ̀n wákàtí mẹ́rin ló kù. Gbogbo wọn ló sì mọ ohun tó wà ní Tube. Ilé ẹlẹ́rùpẹ̀ tí òjò ti mú apá kan rẹ̀ lọ ni, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ẹsẹ̀ Màmá sì ń dùn ún tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè pọnmi fúnra rẹ̀. Èyí tó tún burú jù ni pé orúkọ àjẹ́ á ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Ìyá arúgbó tí ọmọ rẹ̀ bá lé bọ̀ ní àjẹ́, ta ni yóò bá a gbé omi sílẹ̀?

“Fọlákẹ́,” ni ọkọ rẹ̀ wí, “lọ kó ẹrù rẹ̀. Kí o fi nǹkan yìí sínú ọ̀rá. Mi ò fẹ́ fọwọ́ kàn án mọ́.”

Fọlákẹ́ gba okùn náà, ó wọ yàrá Màmá. Ó fa báàgì jáde ní igun yàrá, ó ń ká aṣọ sínú rẹ̀. Aṣọ náà ò pọ̀. Ìró mẹ́rin, bùbá mẹ́ta, aṣọ funfun tí Màmá máa ń wọ̀ lọ gba Oúnjẹ Olúwa. Ìgbà tó kan aṣọ funfun yẹn, ó dáwọ́ dúró. Ó jókòó sórí ẹní, ó di ojú.

“Olúwa,” ló wí nínú ara rẹ̀, “ṣé Ìwọ lo sọ ọ̀rọ̀ yìí? Bó bá jẹ́ Ìwọ ni, sọ fún èmi náà.”

Ó fẹ́ kí ìdáhùn náà jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ó fẹ́ ẹ gan-an. Ó dúró, kò gbọ́ ohùn kankan, àfi ariwo adìyẹ Àlàájà lójú fèrèsé. Ohun tó sọ sí i lọ́kàn kì í ṣe ìran. Ọ̀rọ̀ tí bàbá rẹ̀ tó jẹ́ katikíìsì máa ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ni: àsọtẹ́lẹ̀ tó bá dùn mọ́ ọ nínú ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò dáadáa, torí ikún ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ikún ń rédìí, ikún ò mọ̀ pé ohun tó dùn ló ń pani. Ó la ojú. Ó fa okùn náà sórí itan.

Iṣẹ́ tíṣà ò ṣeé fi sílẹ̀ nílé. Ọjọ́ gbogbo ló ń bá àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà ka igi ìṣirò, ìka rẹ̀ kò sì tún bi í léèrè kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó ka kókó kìíní, ó ka ìkejì. Nígbà tó dé ìkeje, okùn ṣì kù. Ó ń kà á lọ. Mẹ́tàlélógún. Ó rò pé òun ṣì í kà, ó sì tún un kà láti òpin sí ìbẹ̀rẹ̀. Mẹ́tàlélógún ni.

Méje ni wòlíì ní Olúwa fi han òun.

Fọlákẹ́ sì mọ ìgbà tí kókó náà jẹ́ méje. Òun fúnra rẹ̀ ló kà á. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n wọlé ilé-ìwé nínú oṣù kẹsàn-án, ó ń gbá abẹ́ ẹní Màmá, ó rí okùn náà, ó kà á, ẹ̀rù bà á. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló jókòó sórí àga Àṣìkẹ́ fún irun ìwọlé. Ẹ̀yin náà mọ àga onídìrí, ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta, inú rẹ̀ á tú bí irun orí rẹ̀. Ó ti sọ fún Àṣìkẹ́ pé, “Ìyá ọkọ mi yìí, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí o. Okùn kan wà lábẹ́ ẹní rẹ̀, kókó méje ni mo kà lára rẹ̀.” Àṣìkẹ́ ní háà. Òun náà ní háà. Wọ́n jọ háà kiri títí irun fi parí.

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ọ́. Ẹnu ta ni ògiri náà fi là? Ẹnu Fọlákẹ́ ni. Ìran tí wòlíì rí, òfófó oṣù kẹsàn-án ni, ó ti dọ́gbọ́n yí i dà sí ohùn Ọlọ́run.

Ó jókòó síbẹ̀ pẹ́. Bó bá pa ẹnu mọ́, ọ̀sán ò ní í pẹ́ kan, Ọdẹkúnlé á dé, Màmá á lọ, ìkòkò ọbẹ̀ á padà di tirẹ̀ nìkan. Bó bá sọ̀rọ̀, ọkọ rẹ̀ á mọ̀ pé ìyàwó òun ló gbé orúkọ ìyá òun lọ sí ìsọ̀ onídìrí. Àwọn ará ọgbà náà á mọ̀. Ojú ń tì í lórí ohun tí kò tíì ṣe. Ó tún di ojú, ó ní, “Olúwa, mo gbọ́. Mi ò mọ̀ pé ibi tí o máa gbà dá mi lóhùn nìyí.” Ẹkún gbọ̀n ọ́n díẹ̀, ó fi etí ìró nu ojú, ó dìde.

Kò tíì lọ bá ọkọ rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ló gbà lọ sọ́dọ̀ Màmá, ó kúnlẹ̀ níwájú àpótí tó jókòó lé. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni okùn yìí?”

Màmá wò ó. “Ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó máa bi mí.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Fọlákẹ́ lára ju igba èébú lọ. Láti àárọ̀ tí gbogbo wọn ti ń pariwo, ẹnikẹ́ni kò béèrè.

“Ọjọ́ ọjà wa ni mo fi ń kà,” ni Màmá wí. “Ọrọọrún, bí ọjà Tube bá ti pé, Edith àbúrò Túnbọ̀sún máa ń ti ilé ọkọ rẹ̀ ní Ṣàkẹ́tẹ́ lódìkejì ibodè lóhùn-ún wá. Bó bá ná ọjà tán, á yà sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú àwọn ọmọ. Àwọn ọmọ á fi Faransé kí mi, ‘Bọ̀nsuà, Màmá,’ èmi náà á ní bọ̀nsuà, mi ò mọ̀ ju ìyẹn lọ. Ọjà tí wọ́n ná lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n ti bodè, kò wá. Mo gbààwẹ̀ títí di ọ̀sán, mo bá Ọlọ́run sọ ọ́, mo ta kókó kan. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹ̀yin ní kàlẹ́ńdà lára ògiri, Olùkọ́, èmi ò kàwé. Ìyá mi náà, okùn ló fi ń ka iye ọjà tí bàbá mi bá lò lájò.”

“Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, òní...”

“Òní ni ọjà. Ìdí tí mi ò fi jẹ àkàrà rẹ nìyẹn. Kì í ṣe pé kò dùn.” Ó gbọn orí. “Bí mo bá ti ń ta kókó Edith, mi kì í gbé okùn sílẹ̀ láì dárúkọ Túnbọ̀sún. Mo máa ń ní, Olúwa, èyí tó wà lọ́dọ̀ mi náà rèé o, táyà ò wọlé mọ́, má jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ fún un láàárọ̀?”

“Ọmọ tí mo bí wò mí lójú, ó rí àjẹ́. Kí ni mo fẹ́ fi ẹnu sọ?”

Fèrè mọ́tò Ọdẹkúnlé dún lẹ́nu ọ̀nà. Túnbọ̀sún ti gbé báàgì ìyá rẹ̀ jáde, ó ti sọ ọ́ sínú búùtù kó tó di pé ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Àwọn ará ọgbà tún ti pé. Fọlákẹ́ jáde, okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí nínú ọ̀rá kankan. Ó lọ dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn mọ́tò.

“Bàbá Jemima, Màmá ò ní í lọ.”

“Kúrò níbẹ̀.”

“Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ kí ẹ tó lé mi. Èmi ni mo sọ ọ́.” Ó gbé okùn sókè. “Okùn yìí, èmi ni mo kọ́kọ́ rí i, nínú oṣù kẹsàn-án. Kókó méje ló wà lára rẹ̀ nígbà náà. Mo lọ sọ fún Àṣìkẹ́ nígbà tó ń dì mí nírun. Mo fi ìyá yín ṣe ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ dárí jì mí. Ọ̀rọ̀ tí wòlíì sọ fún yín lánàá, ẹnu mi ló ti jáde, kì í ṣe ọ̀run.”

Kóòmù jábọ́ lọ́wọ́ Àṣìkẹ́. Kò bẹ̀rẹ̀ kó mú un.

Túnbọ̀sún wo ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń bá sọ èdè Faransé. “O fẹ́ fi irọ́ dáàbò bò ó. Ó ti fún ọ ní nǹkan jẹ.”

“Kò fún mi ní nǹkan kan. Ẹ pe wòlíì. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wa gbọ́. Ẹ ní kó bá wa bi Olúwa, kókó mélòó ló wà lára okùn yìí lónìí? Bàbá Jemima, Ọlọ́run tó mọ iye irun orí wa, ṣé kókó ara okùn ló máa wá ṣì kà?”

“Pè é,” ni Àlàájà wí láti orí ṣía rẹ̀. “Fóònù rẹ kò kúkú ní í jẹ epo.”

Ó pè é. Ó tẹ ohùn síta. Wòlíì Micah gbé e lẹ́ẹ̀kan náà.

“Ìyá náà ti jáde?”

“Ó kù díẹ̀, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, kókó mélòó ni Olúwa ní ó wà lára okùn?”

“Méje! Ṣé o ti gbàgbé ni? Mo tún ń rí i báyìí bí mo ṣe ń bá ọ sọ̀rọ̀. Méje, kò lé, kò dín.”

Fọlákẹ́ na okùn náà sí ọkọ rẹ̀. Túnbọ̀sún ní òun ò ní í fọwọ́ kàn án mọ́, ṣùgbọ́n ó gbà á. Ó fi àtàǹpàkò tẹ kókó kìíní. “Ení,” ló wí. “Èjì. Ẹ̀ta.” Oníbàárà Àṣìkẹ́ náà ń bá a kà á, pẹ̀lú orí apá kan. “Ẹ̀rin. Àrún. Ẹ̀fà. Èje.” Àtàǹpàkò rẹ̀ sún síwájú, ó tún bá kókó. “Ẹ̀jọ.” Ìyẹn, òun nìkan ló kà á. Ẹnikẹ́ni kò bá a sọ ẹ̀sán. Ó kà á títí dé òpin, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ sí i, títí tó fi sọ mẹ́tàlélógún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun.

“Haló?” ni wòlíì wí nínú fóònù. “Kí lẹ ń kà níbẹ̀ yẹn? Àwọn ìyókù, ṣó o rí i, àwọn ìyókù, inú ẹ̀mí ni wọ́n... Nẹ́tíwọ̀kì ò dáa níbí.” Fóònù sì pa.

Àṣìkẹ́ bú sẹ́kún. “Mo ṣáà ní kó bá yín gbàdúrà ni! Àánú yín ló ṣe mí, ṣọ́ọ̀bù yín ṣófo! Mi ò mọ̀ pé á di ìran.”

Àlàájà nìkan ló rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì dùn. “Irọ́ á máa lọ fún ogún ọdún ni wọ́n máa ń wí. Eléyìí ò lo ju alẹ́ kan lọ. Ẹ dúpẹ́.”

Fọlákẹ́ sọ fún Túnbọ̀sún, níbẹ̀ náà, ohun tí Màmá fi okùn ṣe, ó sọ nípa Edith, ó sọ nípa ààwẹ̀, ó sọ orúkọ tí Màmá máa ń dá lẹ́yìn ti Edith. Ọkùnrin náà ń gbọ́, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tán, ó rìn lọ sí ẹ̀yìn mọ́tò, ó ṣí búùtù, ó gbé báàgì ìyá rẹ̀, ó gbé e wọlé padà. Ó pẹ́ kó tó jáde. Ìgbà tó jáde, ó nà gbalaja sórí ilẹ̀ níwájú Màmá, lójú ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà.

“Dìde,” ni Màmá wí. “Ọ̀kadà á tẹ̀ ọ́.”

“Màmá, ẹ ṣépè fún mi.”

“Mi ò ní í ṣépè fún ọ. Inú mi ò dùn sí ọ, mi ò purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n mi ò ní í ṣépè fún ọ. Dìde.” Ó yíjú sí Fọlákẹ́. “Ìwọ Olùkọ́, a ó sọ tiwa. Kì í ṣe lójú àwọn wọ̀nyí.”

“Ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́ fún mi, Màmá. Màá gbọ́ ọ.”

“Ṣé ọ̀sán ti pé?”

“Ó ti pé.”

“Gbé ẹ̀kọ wá, ebi ń pa mí.”

Ó jẹ ẹ̀kọ méjèèjì, ó jẹ àkàrà mẹ́rin tó ti tutù, ó ní epo pọ̀ lára rẹ̀. Ọdẹkúnlé dúró ti mọ́tò, ó ń nu gíláàsì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, torí kò mọ ibi tó máa kọjú sí. Níkẹyìn, ó bi wọ́n bóyá kí òun máa lọ.

“Lọ síbo?” ni Màmá dáhùn. “Epo tó o fi àárọ̀ odindi tò fún, ṣé kó ṣòfò ni? Túnbọ̀sún, wọlé síwájú. Fọlákẹ́, wá jókòó tì mí. Òní lọjà wa. Bí wọn ò bá jẹ́ kí Edith kọjá, ó lè rán ẹnìkan tó mọ ọ̀nà oko sí mi, ó mọ̀ pé mo ń retí rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé mi ò rí ẹnikẹ́ni, màá ti fojú ara mi wo ọ̀nà náà. Àlàájà á bá wa mójú tó Jemima.”

“Ẹ máa lọ,” ni Àlàájà wí. “Jemima á jẹ láfún lọ́dọ̀ mi.”

Bí wọ́n ṣe lọ nìyẹn, àwọn mẹ́rin nínú mọ́tò kan. Túnbọ̀sún jókòó síwájú, kò yíjú sẹ́yìn. Fọlákẹ́ ń ronú ohun tó máa sọ fún ọkọ rẹ̀ lálẹ́, àti ohun tí ọkọ rẹ̀ máa sọ fún un. Ẹ̀rù ń bà á, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ fúyẹ́ ju bó ṣe rí láàárọ̀ lọ. Nígbà tí mọ́tò kó sí kòtò, Màmá di apá rẹ̀ mú, nígbà tí kòtò sì tán, kò fi í sílẹ̀.

Lójú ọ̀nà Ìpókíá, wọ́n bá igi tí wọ́n fi dínà. Ọ̀gá kan tó wọ aṣọ ìjọba bẹ̀rẹ̀ wo inú mọ́tò, ó wo Màmá, ó ní kí wọ́n ṣí búùtù. Ó ń wá ìrẹsì. Túnbọ̀sún sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí i fún un. Táyà àfirọ́pò nìkan ló wà níbẹ̀.

“Ta ni màmá yìí?” ni ọ̀gá náà béèrè.

“Ìyá mi ni, sà.”

“Ibo lẹ ń gbé e lọ?”

“Tube, ìlú rẹ̀ ni.”

Ọ̀gá náà tún wo búùtù, ìfura wọ ojú rẹ̀. “Àgbàlagbà tó ń lọ sílé, kò ní báàgì? Ẹrù rẹ̀ dà?”

Nínú mọ́tò, Fọlákẹ́ rí i tí Màmá gbé orí sókè, tó ń dúró de ohun tí ọmọ rẹ̀ máa sọ.

“Ilé rẹ̀ lẹrù rẹ̀ wà, sà,” ni Túnbọ̀sún wí. “Ìlaròó ló ń gbé. A kàn fẹ́ lọ wo àbúrò mi ni, a ó jọ padà sílé kílẹ̀ tó ṣú.”

Ọ̀gá náà pa búùtù dé, ó ní kí wọ́n gbé igi fún wọn.